Abẹ́rẹ́ inú àpò ìdọ̀tí gún mi, wọ́n ní ẹ̀bi mi ni

Ìbéèrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n kì í fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Láàárọ̀ yìí ni mo gbé àpò ìdọ̀tí kúrò ní wọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀, ó la àpò náà àti ṣòkòtò mi kọjá, ó gún mi nítan. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Alábòójútó wa ní ṣebí wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́, pé àìfarabalẹ̀ mi ló fà á. Ó ní kí n fún ojú ibẹ̀ dáadáa, kí n da bílíìṣì sí i, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n panu mọ́ kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, wọn ò gún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ẹ̀bi mi ni lóòótọ́?

* * *

Èsì 1

Èmi kan náà ni mo kọ gbogbo èsì tó wà nísàlẹ̀ yìí, mo sì ń fèsì sí ohun tí àwọn mìíràn kọ lójú ìwé yìí pẹ̀lú. Ẹ fi ti ẹ̀bi sílẹ̀ ná, a ó padà síbẹ̀. Àkókò ló ń lọ.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má fún un. Ẹ má da bílíìṣì sí i, ẹ má sì fi spírítì ha á. Mo rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó ti dá yín lóhùn ní kí ẹ fún un kí "ohun tó wọlé lè bá ẹ̀jẹ̀ jáde". Kò sí ẹ̀rí kankan pé fífún un ń yọ kòkòrò kúrò. Ńṣe ló ń ṣe ẹran ara léṣe, bílíìṣì sì ń jó o bó. Ọṣẹ àti omi tó. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí lójú, omi tó mọ́ nìkan tàbí omi iyọ̀ ilé ìwòsàn ni kó fi ṣan ojú náà fún ìgbà díẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, lónìí yìí. Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí wà. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ti kọjá wákàtí 72, kì í sábà wúlò mọ́. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ní ti àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú tí gbogbo wa mọ̀ sí hepatitis B, ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjẹsára rẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ kejì tún wà tí wọ́n ń pè ní HBIG. Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ti mọ àrùn náà jà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ó sì dára kí ẹ gbà á láàárín wákàtí 24. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, torí àwọn kan máa ń gbàgbé.

Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò lónìí. Àyẹ̀wò òní kò lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ yìí kó nǹkan ràn yín. Bí ara yín ṣe wà kó tó ṣẹlẹ̀ ló máa sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ìtọ́jú tàbí owó gbà-máà-bínú, ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ka ìyókù.

* * *

Èsì 2

Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé abẹ́rẹ́ tó ti wà nínú ìdọ̀tí ti "kú", kò lè ràn mọ́. Ẹlòmíràn ní ẹni tó gún ti kó àrùn tán, kó kọjú sí àdúrà. Ọ̀kan ń fọkàn èèyàn balẹ̀ lórí irọ́, èkejì ń dáyà fo ẹni tó ṣì ní ohun tó lè ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ iye tó jẹ́.

Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV bá gún òṣìṣẹ́, tí kò sì lo oògùn ìdènà, nǹkan bí 3 nínú 1,000 irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń yọrí sí àkóràn. Bó bá jẹ́ ojú tàbí ẹnu ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, kò tó 1 nínú 1,000. Hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn, ìwádìí ìgbà kan ń sọ nǹkan bí 18 nínú 1,000, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ nǹkan bí 2. Hepatitis B fún ẹni tí kò gba àjẹsára ńkọ́? Láti 6 títí dé 30 nínú 100. Ọgọ́rùn-ún ni mo wí o, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún.

Kòkòrò hepatitis B yìí náà ló lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún ọjọ́ 7, kó ṣì lágbára láti ràn. HIV kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ lóde ara, lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó há sínú ihò abẹ́rẹ́ kì í tètè gbẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi "ó ti kú" tan ara rẹ̀.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. HIV ni gbogbo èèyàn ń pariwo lẹ́nu iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ hepatitis B ló rọrùn jù láti kó nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló sì ní àjẹsára, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera tó kó o ní 1983 tó nǹkan bí 17,000. Nígbà tó fi máa di 1995, ó ti já sí nǹkan bí 400. Àjẹsára ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, pẹ̀lú òfin 1991 tó sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti fi lọ òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan tó lè fi ẹni tó béèrè lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀: ìwádìí kan tó jáde ní 1997 fi hàn pé ewu HIV máa ń pọ̀ sí i bí ojú ibẹ̀ bá jìn, bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn lára abẹ́rẹ́, bó bá jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni abẹ́rẹ́ náà ti wá, tàbí bí àrùn náà bá ti wọ aláìsàn yẹn lára gan-an. Ìwádìí kan náà ló fi hàn pé oògùn ìdènà dín ewu náà kù ní nǹkan bí ìdá 81 nínú 100. Aṣọ tí abẹ́rẹ́ là kọjá pẹ̀lú máa ń nu díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà bó ṣe rí gan-an, òun ló máa fi pinnu.

* * *

Èsì 3

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀bi.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ìdènà àkóràn ni mò ń bójú tó báyìí. Bí wọ́n bá pè mí síbi irú nǹkan yìí, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kì í ṣe "ta ni abẹ́rẹ́ gún?" Mo máa ń béèrè pé ọ̀nà wo ni abẹ́rẹ́ náà gbà dé inú àpò.

Abẹ́rẹ́ kì í fẹsẹ̀ rìn. Ẹnì kan ló lò ó, tó sì gbé e síbi tí kò yẹ. Bí ẹ bá tún tọ̀ ọ́ sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé àpótí abẹ́rẹ́ jìnnà sí ẹni yẹn náà, tàbí àpótí ti kún, tàbí òun nìkan ló ń tọ́jú wọ́ọ̀dù méjì lóru. Wọ́ọ̀dù kan wà tí mo mọ̀, àpótí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkóhun-pamọ́ ni wọ́n gbé e kọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá fún aláìsàn orí ibùsùn tó kẹ́yìn lábẹ́rẹ́ ní láti di abẹ́rẹ́ tó ṣí sílẹ̀ mú lọ́wọ́, kó gba àárín àwọn ẹbí aláìsàn kọjá, kó tún fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan ń ṣe é. Àwọn yòókù ń kó abẹ́rẹ́ sínú àwo pọ̀ mọ́ òwú, wọ́n á wá da àwo náà sínú àpò ìdọ̀tí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí "ẹ máa ṣọ́ra" pọ̀ níbẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Ìgbà tí wọ́n gbé àpótí sórí kẹ̀kẹ́ oògùn, tó ń bá nọ́ọ̀sì dé ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ni àwọn agbálẹ̀ wa sọ pé àwọn ò rí abẹ́rẹ́ nínú àpò mọ́.

Ìbọ̀wọ́ tí alábòójútó yín ń sọ, ọwọ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Itan ni abẹ́rẹ́ gún yín. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ni, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í dá abẹ́rẹ́ dúró. Ohun tó wà fún ni kí ẹ̀jẹ̀ má kan awọ ara. Ẹni tó ń gbé ìdọ̀tí ilé ìwòsàn nílò ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tó máa fi gbé àpò, kí àpò má bàa kan ara rẹ̀ rárá. Ọrùn àpò ni kó di mú. Kó má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè gba sí i, kó má sì gbé e mọ́ àyà. Ó dára kí ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi abẹ́rẹ́ sínú àpò kò lè wá sọ pé ẹni tó gbé àpò ni kò ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Karen Daley, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà. Ní 1998, abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ nídìí àpótí abẹ́rẹ́ gan-an, níbi tó ti ń sọ èyí tó lò nù síbi tó yẹ. Ó kó HIV àti hepatitis C pọ̀. Ó jáde sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba, òun àti àwọn mìíràn sì tẹ̀ síwájú títí òfin fi jáde ní 2000 pé kí agbanisíṣẹ́ máa lo abẹ́rẹ́ tó ní ìdáàbòbò lára, kó sì gbọ́ tẹnu àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lò ó kó tó yan èyí tó máa rà. Apá kejì òfin yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

* * *

Èsì 4

Nọ́ọ̀sì kan bínú sí mi. Ó ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí ọ́fíìsì lẹ máa ń sọ pé ká má dé abẹ́rẹ́ padà. Ṣé kí n máa rìn kiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ṣí ni?"

Ìbínú yín tọ́, àmọ́ dídé e kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń dé abẹ́rẹ́. Ọwọ́ òsì di ìdérí kékeré yẹn mú, ọwọ́ ọ̀tún ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀ tààrà síbi tí ìka òsì wà. Bó bá tàsé díẹ̀, àtàǹpàkò ni. Bí kò bá tàsé ńkọ́? Àwọn ìdérí kan kì í mú dáadáa. Èèyàn á ti abẹ́rẹ́ wọlé, á rò pé ó ti mú, á fà á díẹ̀, ìdérí á yọ lójijì, ọwọ́ á ta padà, abẹ́rẹ́ á sì wọ ìka. Ẹni tó ti ṣe é fún ogún ọdún láìséwu kò ní ọgbọ́n kan tí ẹni àná kò ní, pàápàá láàárín òru, nígbà tí aláìsàn kan ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni àpótí tó ń bá yín lọ. Kí ẹ lò ó tán kí ẹ jù ú sínú àpótí láìgbé ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ àti síríǹjì rẹ̀ pọ̀, láìyọ ọ́, láìtẹ̀ ẹ́, láìdá a. Bó bá wá di dandan láti dé e, irú bí ìgbà tí ẹ ṣì fẹ́ fún aláìsàn kan náà ní ìyókù oògùn inú rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ gbé ìdérí lélẹ̀ lórí tábìlì, ẹ fi abẹ́rẹ́ wá a kó wọ inú rẹ̀, ẹ nà án sókè, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ara tábìlì tẹ ìdérí náà kó mú. Ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn yín ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ àpótí tó kún kò tíì tán lẹ́nu mi. Bó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n gbé òmíràn wá. Àpótí tí ìdí síríǹjì ti ń yọrí lẹ́nu rẹ̀ léwu ju kí àpótí má sí lọ, torí ẹni tó kàn máa fi ọwọ́ ti àwọn ti inú rẹ̀ wọlé ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń da àpótí sínú àpò kí wọ́n lè tún un lò. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ti yín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ má máa fi ọ̀bẹ lé ara yín lọ́wọ́, ẹ gbé e sínú àwo láàárín, kí ẹnì kejì mú un níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn ń dín ihò tó ń wọ ti inú kù gidigidi. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ-ẹran tí ẹnu rẹ̀ kò mú sì tó fún ọ̀pọ̀ ẹran inú.

* * *

Èsì 5

"Kí wọ́n kọ ọ́ sára fáìlì aláìsàn pé ó ní HIV tàbí hepatitis, kí á lè ṣọ́ra." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló tẹ́wọ́ gba èyí. Mo takò ó.

Fáìlì tí ẹ kò kọ nǹkan sí ló máa pa yín. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, nǹkan bí mílíọ̀nù 254 èèyàn ló ní hepatitis B lágbàáyé ní 2022, nínú 100 wọn, 13 péré ló ti ṣe àyẹ̀wò tó fi hàn pé wọ́n ní in. Àwọn yòókù ń wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán, pẹ̀lú ehín ríro, pẹ̀lú oyún, fáìlì wọn sì mọ́ tónítóní. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn náà lè ṣe àyẹ̀wò kó má tíì hàn. Ìdí nìyẹn tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fi sọ ọ́ ní 1987 pé kí òṣìṣẹ́ ka ẹ̀jẹ̀ gbogbo aláìsàn sí ẹ̀jẹ̀ tó lè ràn. Àmì ara fáìlì ń mú kí èèyàn dẹwọ́ níbi tí kò yẹ, ó sì ń dójú ti aláìsàn láìnídìí.

* * *

Èsì 6

Onílé ìwòsàn kékeré kan kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ aláàbò, èyí tó ń fà wọnú ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlò, wọ́n jù, pé ìbọ̀wọ́ àti ìkìlọ̀ ni agbára òun ká.

Mo gbọ́ yín. Àmọ́ ìsàlẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo iye abẹ́rẹ́ tí ẹ ń gún tí kò pọn dandan. Aláìsàn tó lè gbé oògùn mì, tí kò bì, kí ló ń gba abẹ́rẹ́ fún? Nígbà mìíràn, torí pé aláìsàn gbà pé abẹ́rẹ́ lágbára ju oògùn ẹnu lọ ni. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí ẹ kò gún kò lè gún ẹnikẹ́ni, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni irú abẹ́rẹ́ tí ẹ ń rà, ibi tí àpótí wà, bí ẹ ṣe ń pín iṣẹ́. Ìkìlọ̀ àti ìbọ̀wọ́ ló kẹ́yìn. Wọ́n ṣe pàtàkì, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló rọrùn jù láti kùnà nínú gbogbo rẹ̀.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo abẹ́rẹ́ aláàbò, ẹ rà á fún ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ki omi sí aláìsàn lára. Abẹ́rẹ́ oníhò tó ti inú iṣan jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nínú ló léwu jù. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti yí sí síríǹjì aláàbò títí 2020. Ọdún yẹn ti kọjá, ọ̀pọ̀ ibi kò tíì débẹ̀.

* * *

Èsì 7

Ọ̀rọ̀ ti ya ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kọjá, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan béèrè pé òun ń yẹ àpò àwọn èèyàn wò lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ewu wà? Ó wà. Ẹ má ki ọwọ́ bọ àpò tí ẹ kò rí inú rẹ̀. Ẹ ní kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ kó ohun inú rẹ̀ jáde, tàbí kí ẹ da á sórí tábìlì, ẹ tan iná sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń ki ọwọ́ sí abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ láti nù ún.

Onígbàjámọ̀ àti ẹni tó ń ya àwòrán sára: abẹ titun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ titun, ẹ̀kán yíǹkì tí ẹ dà fún ẹnì kan kó má padà sínú ìgò. Spírítì tí ẹ fi nu abẹ lóréfèé kò pa hepatitis B dájú.

Afọṣọ ilé ìwòsàn: ìṣẹ́po aṣọ ibùsùn ni abẹ́rẹ́ máa ń sá sí. Ẹ má gbọn aṣọ náà.

Ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fi ohun tó ń fa omi bò ó, ẹ kó o, ẹ wá fi bílíìṣì tí ẹ pò mọ́ omi, ìwọ̀n kan sí mẹ́sàn-án, nu ibẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè ṣiṣẹ́. Ìgò tó fọ́ síbẹ̀, ẹ̀mú tàbí páálí ni kí ẹ fi kó o.

Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé ẹlẹgbẹ́ òun ní HIV, pé kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ààbò. Rárá o. Òógùn, omijé, ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, àwo tí a jọ jẹun, ìjókòó tí a jọ jókòó sí, kò sí èyí tó ń kó HIV ranni nínú wọn. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí kòkòrò náà kò fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kì í tilẹ̀ kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ fi ẹlẹgbẹ́ yín sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

* * *

Èsì 8

Ìbéèrè àjẹsára pọ̀, mo kó wọn pọ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sábà ń gún un: ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó gba ẹ̀ẹ̀kan tó sì dáwọ́ dúró kò tíì ní ààbò tó péye, àmọ́ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ padà. Kó máa bá a lọ láti ibi tó dé. Lẹ́yìn oṣù kan sí méjì tí ẹ gba èyí tó kẹ́yìn, ẹ ṣe àyẹ̀wò bóyá ara yín gbà á. Bí iye ohun ìjà ara tó jáde bá tó 10 mIU/mL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ sinmi, ẹ fi ìwé náà pamọ́. Bí kò bá tó, wọ́n lè tún un gún. Hepatitis C kò ní àjẹsára, kò sì ní oògùn ìdènà lẹ́yìn ìgúnni, ṣùgbọ́n oògùn tó ń wò ó wà báyìí, tó ń wo ohun tó lé ní 95 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Nítorí náà, àyẹ̀wò tẹ́ ẹ bá ń sá fún lè jẹ́ àyẹ̀wò tó máa mú yín lára dá.

Ta ló ń sanwó? Ní Amẹ́ríkà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi lọ òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 tó bá gbé e síbi tó ti lè kan ẹ̀jẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀ ọ́ máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó sì lè yí ọkàn padà nígbàkígbà. Òfin yẹn kò wo oyè tí èèyàn ń jẹ́, bóyá iṣẹ́ rẹ̀ lè mú un kan ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú níbi púpọ̀: dókítà gba àjẹsára, nọ́ọ̀sì gbà á, agbálẹ̀ tí kọ́ńtírákítọ̀ gbà síṣẹ́ kò sí lórí ìwé kankan. Àpò ìdọ̀tí kan náà ló ń kó ti gbogbo wọn.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá

Ẹ ṣé gan-an. Mo lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ọlọ́jọ́ 28 náà, wọ́n sì gún mi ní àjẹsára àti HBIG. Kò sẹ́ni tó mọ aláìsàn tí abẹ́rẹ́ náà ti wá. Oògùn yẹn ń rìn mí nínú, ó ń ṣe mí bí ẹni pé kí n bì. Alábòójútó wá gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni mo fi àìṣọ́ra fà á. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

* * *

Èsì 9

Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ kọ tiyín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí ó wà níbẹ̀: ọjọ́, aago, wọ́ọ̀dù tí àpò ti wá, irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́, ibi tó gún yín, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, ẹni tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún àti èsì rẹ̀. Ẹ má kọ "mo rò pé", ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Èsì àyẹ̀wò yín, ẹ má fi fún alábòójútó. Àárín ẹ̀yin àti dókítà nìyẹn wà.

Ní ti oògùn, ẹ má dá a dúró. Ẹ sọ fún dókítà nípa èébì náà, wọ́n lè fi nǹkan mìíràn ràn yín lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n yí i padà. Títí àyẹ̀wò yín á fi parí, èyí tó sábà máa ń wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 àti ọ̀sẹ̀ 12, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ti hepatitis C tún lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọn ò ṣe mọ aláìsàn tó ni abẹ́rẹ́ yìí, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ parí. Ìdí rèé tí wọ́n ṣe fún yín ní gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé abẹ́rẹ́ náà lọ sí lábù fún àyẹ̀wò, kò wúlò, ó sì tún lè gún ẹlòmíràn.

Ẹlẹgbẹ́ yín tó ní kí ẹ panu mọ́, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lóòótọ́ nítorí irú èyí láwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá panu mọ́ ti pàdánù wákàtí 72 rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó kàn sì ti ń bọ̀ láti wọ́ọ̀dù kan náà, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti mọ́, tí kò sí àkọsílẹ̀ kankan nínú rẹ̀ látọdún dé ọdún, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

* * *

Èsì 10

Alábòójútó mìíràn béèrè, ó sì béèrè dáadáa: òun kò lówó tuntun lọ́wọ́, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí àti àwọn tó ń fọ aṣọ jókòó, láìsí dókítà níbẹ̀. Ẹ béèrè wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń rí abẹ́rẹ́, irú abẹ́rẹ́ wo ni, àti ìgbà wo. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n á sọ fún yín pé èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ló wọ́pọ̀ ní àpò àárọ̀, tàbí pé ti yàrá ìgbẹ̀bí ni kí ẹ lọ wò. Ẹ mú ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ rìn dé ibẹ̀, ẹ dúró síbi tí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ń dúró sí, kí ẹ na ọwọ́. Bí ọwọ́ yín kò bá kan àpótí, ẹ gbé e súnmọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó kúrò, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ti gba àjẹsára, ẹ sì mú ìwé náà lọ bá ẹni tó ń bójú tó owó.